Owó Fàdákà Tí Mo Gbé Kọ́rùn Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Mo rántí bí owó náà ṣe máa ń tutù sí mi láyà bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kọ́rùn láàárọ̀. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí nígbà náà ní Ìkòròdú, mo ti Iléṣà wá, mo sì háyà yàrá kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Súwídìn, ló fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àwòṣe owó tí àwọn Fáíkíǹgì ń ná láyé àtijọ́ ni, àwọn ará ilẹ̀ olótùútù tó ń fi ọkọ̀ ojú omi jagun, tí wọ́n sì tún ń fi í ṣòwò. Fàdákà pẹlẹbẹ ni, ilà wínníwínní kún ojú rẹ̀ méjèèjì. Mi ò béèrè ohun tí wọ́n jẹ́. Mo kàn pinnu fúnra mi pé orúkọ òrìṣà wọn ni, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìrẹsì ní Ìmọ̀tà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, Mùsùlùmí ni. Èmi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó ní àwọn òbí òun fẹ́ rí mi, ẹ̀rù bà mí. Mo bọ́ ṣéènì alágbèélébùú tí mo máa ń wọ̀ lójoojúmọ́ sílé, mo fi owó fàdákà náà rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n.

Bàbá rẹ̀ ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja ọ̀sà, ìyá rẹ̀ sì ń yan án tà. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá béèrè ohun tó wà lọ́rùn mi. Mo fi ohùn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ṣàlàyé fún wọn dáadáa. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ wá, wọ́n mú awò ojú wọn, wọ́n wò ó lẹ́bàá fèrèsé, ètè wọn ń mì bí ẹni tó ń kàwé.

“Ta ló sọ fún ọ pé òrìṣà ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Mo ní kò sẹ́ni tó sọ fún mi, sà.

“Lárúbáwá ni. Kò sí ọlọ́hun mìíràn àyàfi Ọlọ́hun kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn.”

Ojú tì mí gan-an. Ṣùgbọ́n Màmá ti gba owó náà, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí etí rẹ̀. Ẹnì kan ti fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín àgbélébùú kékeré síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé e kọ́rùn, mi ò rí i rí.

“Ìwọ lo fín in síbẹ̀?”

“Rárá, mà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a.”

Mo rí i pé wọn ò gbà mí gbọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù kí gbogbo ilé lè gbọ́ ọ. Ó ní ilẹ̀ Lárúbáwá ni fàdákà náà ti máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn Fáíkíǹgì nínú òwò, pé àwọn kan nínú wọn á sì fín àmì tiwọn sí i. Bó ṣe wà lára ojúlówó owó náà tó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí nìyẹn. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè oṣù mélòó ni ọkọ̀ ń gbà débẹ̀. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

“A ti gbọ́ ti owó. Àwọn ọmọ tí ẹ máa bí ńkọ́? Ẹ̀sìn ta ni wọ́n máa ṣe?”

Mo ti há ìdáhùn sórí nínú bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ fò lọ.

“Mi ò tíì mọ̀, mà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mo bọ́ àgbélébùú mi sílé kí ẹ má baà rí i.”

Màmá wò mí títí, wọ́n wá ní òótọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ látàárọ̀ nìyẹn, kí n dìde wá bá àwọn yí ẹja tó wà lórí iná. Nídìí ààrò, tí èéfín ń ta wá lójú, wọ́n rọra ní, “Tó o bá tún ń bọ̀, ohun tó jẹ́ tìẹ ni kó o wọ̀.”

Wọn ò gbà lọ́jọ́ yẹn. Òjò ọdún náà dá kí wọ́n tó gbà, a sì tún bẹ bàbá tèmi náà ní Iléṣà. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ò dá owó náà padà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ àwọn ní mọ́ṣáláṣí, mo sì gbà pé wọ́n ṣì ń fi hàn wọ́n títí dòní.

A ti bímọ méjì báyìí. Bí mo bá rántí ọmọbìnrin tó gbé ohun tí kò mọ̀ kọ́rùn lọ kí àna rẹ̀, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, àánú rẹ̀ a sì tún ṣe mí. Ó rò pé ọrùn òun ni wọ́n máa wò. Ní báyìí, tí mo bá ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ mi ni Màmá kọ́kọ́ ń wò, bóyá mo ra búrẹ́dì bọ̀ láti Ìkòròdú.