Mo Lọ Gba Ìwé Orin Bàbá Wa Lẹ́yìn Kétu

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti wà ní gáréèjì Ayétòrò lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ náà. Èmi tíṣà, tí mo máa ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí pípa iléèwé jẹ, mo pa tèmi jẹ nítorí ìwé orin kan. N kò ní fi bò fún yín: owú ló gbé mi rìnrìn àjò yìí.

Ìwé orin ìjọ ni Bàbá wa fi kọ́ èmi àti Mojí àbúrò mi ní ìwé kíkà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ni Mojí fi ń sípẹ́lì. Síbẹ̀ òun ni Bàbá gbé ìwé náà fún. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì kà á tán ni kó wà. Nígbà tí Mojí lọ sílé ọkọ ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu, lódìkejì ibodè, ó gbé e lọ. Mo gba kámú, àfi ìgbà tí ìròyìn dé pé Mojí tí kò kọjá ìwé mẹ́fà ló ń kàwé fún gbogbo ìjọ níbẹ̀, Ìyá Oníwèé ni wọ́n sì ń pè é. Ní ìjọ tiwa, tíṣà pọ̀ bí eèrà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Bíbélì kíkà ń kàn mí. Mo ní n ó lọ gba ìwé náà padà, èmi ni àkọ́bí.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo fi wọ bọ́ọ̀sì dé Ìmẹ̀kọ, àpò gbágùúdá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀kadà gbé mi dé ibodè ní Ìlárá. Lódìkejì, sẹ́mìjáǹ ni wọ́n ń pe ọlọ́kadà, ẹgbẹ̀rún kan sẹfà, owó tiwọn, ló sì gbà lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà eléruku pupa. Àtàsì ni Mojí fi gbà mí lálejò, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà náà là ń jẹ ní Ayétòrò, a kàn ò fún un lórúkọ ni.

Ó sọ bí ọ̀rọ̀ ìjọ ṣe já lé e lórí. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni pásítọ̀ ń wá, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ìyá ọkọ Mojí kú. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ Yorùbá, Nàgó ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n Faransé ni iléèwé fi kọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lè ka ìwé orin. Mojí bá sípẹ́lì orin kan lẹ́bàá sàréè. Láti ọjọ́ náà ni ìwé kíkà, ìbẹ̀wò aláìsàn àti ìsìnkú ti di tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mojí ka ìlà kan, ìjọ kọ ọ́ lórin. Ó sípẹ́lì ìkejì, wọ́n dúró dè é. Ó wá pè mí kí n ka Sáàmù. Mo tún gèlè mi ṣe, mo sì kà á gere bí ẹni ń da omi. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Lẹ́yìn ìsìn, ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Piyẹ́ẹ̀ wá kí mi.

"Màmá, ẹ mọ̀wé kà. Ẹ kàn sáré fi wá sílẹ̀ lọ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. A kò tíì jẹun ọ̀sán tán tí mo fi béèrè ìwé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mojí kàn nu ọwọ́, ó sì gbé e wá nínú ọ̀rá.

"Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti mọ ogójì orin sórí nínú ẹ̀. Àwọn tó kù, a ó máa gbàgbé wọn díẹ̀díẹ̀."

Mo gbà á. Mo tì í sínú báàgì.

Piyẹ́ẹ̀ ló gbé mi padà sí ibodè lọ́jọ́ Ajé. Orin kan ṣoṣo ló ń kọ lọ́nà, ẹsẹ kìíní nìkan. Bó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó sú mi. Nígbà tí mo sọ̀ ní Ìlárá, mo bi í pé ẹsẹ kejì ńkọ́.

"Ìyá Oníwèé ló máa ń fún wa," ló wí. Kò mọ ohun tó wà nínú báàgì mi.

Mo ṣí báàgì, mo yọ ìwé náà.

"Gbé e fún un. Sọ fún un pé Bàbá ní kò tíì kà á tán."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Ọkọ mi béèrè ìwé, mo ní ó wà níbi tó yẹ kó wà. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní owú náà ti tán. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, wọ́n tún pe tíṣà mìíràn láti ka Bíbélì, ó sì tún ta mí lára. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kà á gere bí tèmi, mo bojú wẹ̀yìn níbi tí àwọn ìyá arúgbó wa máa ń jókòó sí. Ó ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ.