Fìlà Tí Mi Ò Gbàgbé

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀ àná, Sátidé, ni àyà mi kọ́kọ́ já. Àlájì ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kiri pálọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. A jọ fi rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé mo máa ń ro nǹkan jù, nítorí náà mo sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan kan.

Ilé wọn ní Richmond, nílùú òyìnbó níbí, ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì tí mò ń wá iṣẹ́. Wọn ò bá mi tan. Mọ́ṣáláṣí la ti mọra, mo sì ń pè wọ́n ní Dádì. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ wa tó máa ń rìn lóṣooṣù.

Etí òkun la lọ, níbi tí atẹ́gùn ti kó iyanrìn jọ di òkè kéékèèké. Màmá kan tó jẹ́ ará Èkìtì bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí lẹ ń pè lókè? Ọ̀gán oko bàbá mi ga jù ú lọ!"

"Ẹ gùn ún ná," Àlájì fèsì, "ká gbọ́ ohun tí orúnkún yín máa sọ."

Nígbà tí à ń lọ, ọwọ́ òsì ni òkun wà. A kírun Àílà, a jẹun, a dìde láti padà síbi tí a páàkì sí. Ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kí òkun bọ́ sí. Ṣùgbọ́n Àlájì ṣáájú, òkun ṣì wà lósì. Gbogbo wa rí i. Dókítà wà láàárín wa, ẹnjiníà wà, kò sẹ́ni tó lanu. Ta ló fẹ́ sọ fún olórí pé ó ṣìnà?

"Bóyá wọ́n mọ àbùjá ni," Màmá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo sáré bá wọn lórí òkè kan. Mo fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde lẹ́nu mi.

"Dádì, ṣé ẹ ò ní sinmi díẹ̀?"

Wọ́n wo òkun, wọ́n wò mí. Ohùn wọn kéré bíi ti ọmọdé.

"Ibo la tiẹ̀ ń lọ?"

Omi lé sójú mi. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo sì kígbe sáwọn tó wà lẹ́yìn pé mo gbàgbé fìlà mi síbi tí a ti kírun, pé kí gbogbo wa jọ yí padà.

"Ọ̀dọ́ ìwòyí!" Màmá ń pariwo. "Ọmọ kékeré bíi tìẹ, o ti ń gbàgbé nǹkan!"

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi dé ìdí mọ́tò. Fìlà wà nínú àpò mi.

Nígbà tí a délé, ìyàwó wọn béèrè bí ìrìn ṣe lọ. Àlájì nawọ́ sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Onígbàgbé yìí ló dá wa padà." Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á gbọ́, tàbí ṣe ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́. Mi ò rí oorun sùn. Tí mo bá sọ, ó dà bíi pé mo tú ẹni tó gbà mí sílé síhòòhò. Tí n ò bá sọ, àwọn ló ń fi mọ́tò gbé ọmọ ọmọ wọn méjì lọ sí daycare, ibi tí wọ́n ti ń bá wọn tọ́jú ọmọ, lórí freeway tí mọ́tò ti ń sáré burúkú.

Ọ̀la ni Mọ́ńdè. Èmi gan-an ò tíì ní láísẹ́ǹsì tí mo lè fi sọ pé ẹ jẹ́ n wa mọ́tò náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ta lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún, báwo lẹ sì máa ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?