Iṣu Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Ìmọ́lẹ̀ Ojú Ọ̀run

Inú ń bí mi o! Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà, mo ti gbọ́ ọ rí.

Morìnsọ́lá, ọmọ Ìtàjí, ni wọ́n ń fìyà jẹ. Èmi télọ̀, òun akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé, a jọ ń gbé yàrá kan nítòsí yunifásítì. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ló ti rò fún mi. Gáàsì kan ń tàn yòò láàárín àwọn àgbájọ ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Kí ló ń dáná sí i? Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Múyìwá, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ihò dúdú ni: ohun tó ń gbé mì ló ń gbóná, tó ń mú gáàsì náà tàn.

Morìnsọ́lá wọn ìmọ́lẹ̀ náà. Bí iná bá wà lójú kan, bí èèyàn bá ṣe ń jìnnà sí i ni ooru ń dín kù. Èyí ò dín kù bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn ògbólógbòó ìràwọ̀ fọ́n ká sí ni ìmọ́lẹ̀ náà wà. Ó ní nínú àwọn tí òun wọ̀n, àwọn arúgbó ìràwọ̀ yẹn, tí ara wọn ti bọ́ tí inú wọn ṣì gbóná janjan, ló ń dáná. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹ̀ka wọn. Yéè! Ọ̀gá gbaná jẹ. Ó ní ọmọ náà rí òun fín, àfi kí ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kí òun tó fọwọ́ sí ìwé oyè rẹ̀.

Ta ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́? Àwọn ará ilé rẹ̀! Wọn ò béèrè ohun tó rí. Wọ́n ní ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn, ni bàbá rẹ̀, Bàbá Ògúndélé, bá di iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà wá bẹ ọ̀gá. Iṣu ẹ̀bẹ̀, fún ẹjọ́ tí ọmọ ò jẹ̀bi! Mo bá wọn lọ, orí mi ń gbóná.

Bàbá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó lè bí lọ́mọ. Ọkùnrin yẹn ò ní kó dìde! Ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀.

“Ó dáa,” ó ní, “ẹbí ti gbà pé ó ṣìnà. Morìnsọ́lá, ìwọ náà fẹnu ara rẹ sọ ọ́.”

Morìnsọ́lá ti kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, sà, bí ohùn mi bá le. Ṣùgbọ́n ohun tí mo wọ̀n ni mo sọ.”

Bàbá gbórí sókè nílẹ̀. “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú, bàbá. Mo tún un wọ̀n títí ó fi sú mi.”

“Ọ̀gá yín ńkọ́? Ṣé ó yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Rárá, bàbá. Wọn ò tíì ṣí ìwé mi wò.”

Bàbá dìde, ó dé fìlà, ó gbé iṣu rẹ̀. Ta ló ti rí ẹni tó gbé iṣu ẹ̀bẹ̀ padà rí?

“Mo nà gbalaja síwájú rẹ,” ó ní, “o ò sì tíì ka iṣẹ́ ọmọ mi! Dìde, Morìnsọ́lá. Ẹ jẹ́ á re ulé.”

Ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí ìwé náà dòní. Kò sì sẹ́ni tó tún lọ bẹ̀ ẹ́.