Ẹ̀rín Ló Já Apá Bàbá Kékeré

Ẹ wá jókòó. Gbogbo yín pátá, ẹ̀yin tí ẹ gbé fóònù sí mi lójú láàárọ̀ yìí nígbà tí mò ń tú ara mi ní àgbàlá, ẹ̀yin gan-an ni mò ń pè. Ẹ jókòó dáadáa. Mo ní dáadáa! Ẹ má ṣe ká kò bí ìgbín tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ẹ na ẹ̀yìn yín kí èémí lè ráyè wọlé. Inú ń bí mi, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìbínú yìí kò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ òní o. Ó ti pẹ́ lára mi. Ó dàgbà ju bàbá tó bí yín lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbẹ́ Ìtòkú ni ilé wa wà, ní Abẹ́òkúta níbí. Tí o bá ń bọ̀ láti Aké láyé ìgbà náà, etí rẹ ni yóò kọ́kọ́ dé ilé wa kí ojú rẹ tó dé e. Gbì-gbì, gbì-gbì, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Aṣọ là ń lù.

Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn obìnrin a rẹ aṣọ àdìrẹ sínú aró, wọn a sá a sórí àpáta, yóò gbẹ, yóò sì le gbagidi bí awọ. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é gbé fún oníbàárà. Iṣẹ́ bàbá mi ni pé kó ká a lé orí ìtì igi ńlá kan tó ti dán, kó sì fi òòlù igi lù ú títí yóò fi rọ̀, tí yóò máa kọ mọ̀nà bí ẹ̀yìn ẹja. Ẹnì kan kì í dá a lù. Ẹni méjì ni yóò kojú síra wọn, òòlù ọ̀kan ń lọ sókè bí ti èkejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀. Bàbá mi nìyí, àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Bàbá Kékeré nìyẹn. Èmi ni mo máa ń yí aṣọ láàárín wọn kí ojú kan má baà dá jẹ gbogbo ìyà.

Ohun kan wà tó jẹ́ ẹ̀tẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Òòlù kò gbọdọ̀ dákẹ́ láàárín aṣọ. Bí ẹnì kan bá sọ òòlù kalẹ̀ kí aṣọ tó tán, wọn a ní òòlù rẹ̀ ti kú. Ọkùnrin tí òòlù rẹ̀ bá kú lójú oníbàárà, ó gbé! Títí ọdún yóò fi yí po ni wọn yóò máa kí i lójú ọ̀nà pé, "Ẹ kú ìsìnkú o."

Bàbá mi wá ní, bí òòlù kò bá gbọdọ̀ dákẹ́, a jẹ́ pé ara gbọ́dọ̀ ti jí kí òòlù tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, kò ní fọwọ́ kan òòlù. Yóò dúró ní àgbàlá, yóò fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ bí ẹni tó ń gbìn wọ́n. Yóò máa yí èjìká sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tó wúwo tí kò sì fẹ́ jí ará ilé. Yóò jẹ́ kí apá méjèèjì rọ̀ wálẹ̀, yóò gbọ̀n wọ́n bí aṣọ tutù. Yóò rọra tẹ orúnkún bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí, yóò dúró sí agbedeméjì, yóò mí kanlẹ̀, kó tó dìde. Títú ara ló ń pè é, ó sì ní kí n máa ṣe é pẹ̀lú òun, nítorí ẹni tó ń yí aṣọ náà ní ẹ̀yìn tó lè dùn ún.

"Bi apá rẹ léèrè bóyá ó ti jí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí fún mi. "Òòlù kì í sùn. Apá ló ń sùn. Tí o bá sì jí i pẹ̀lú igi, yóò bá ọ jà."

Ó tún ní ìrora jẹ́ oríṣi méjì. Èyí tó gbóná, iṣẹ́ ni. Èyí tó gún ọ bí abẹ́rẹ́, ìkìlọ̀ ni, má bá a jiyàn. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ká aṣọ mìíràn lé igi, ó ń pa ọwọ́ dà, òòlù a ti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Títú ara, pípa ọwọ́ dà, òye oríṣi ìrora méjèèjì: gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gba ọṣẹ, kò gba epo.

Bàbá Kékeré mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n inú yàrá ló ti ń ṣe é, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Arẹwà ọkùnrin ni, ó sì fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa pe òun ní akọni. Ojú ń tì í kí wọ́n bá òun níbi tí òun ti ń gbọ̀n apá bí adìyẹ tó bọ́ sómi. Ẹ ṣàkíyèsí ìtìjú yẹn o. Òun gan-an ni mò ń bá wí.

Ẹni tó ń kó aṣọ wá fún wa lù ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Aláṣọ. Oníṣòwò pàtàkì ni, àwọn oníbàárà ń ti Èkó wá bá a. Ó lawọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Bí ẹnu yẹn bá bà ọ́, o kò ní sùn.

Ọdún Iléyá ku fẹ́ẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Òjò ti rọ̀ léraléra, aṣọ kò gbẹ. Ìgbà tí oòrùn wá yọ, gbogbo aṣọ gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó di òkìtì sí wa lọ́rùn. Ọjọ́ náà ni Bàbá Kékeré lọ ra àgbò iléyá ní Owódé. Inú bọ́ọ̀sì tó kún fọ́fọ́ ni wọ́n fún un mọ́, àgbò wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ ló sì fi di ìwo àgbò mú láti Owódé títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, apá náà kò tètè nà. Mo rí i. Ó ń fi ọwọ́ òsì wọ́ ọ.

Ìyá Aláṣọ ti jókòó sí àgbàlá pẹ̀lú oníbàárà obìnrin méjì láti Èkó.

"Bàbá Àgbò, o káàbọ̀ o," ni ó wí. "Aṣọ yìí gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ Èkó lónìí. Àbí àgbò tí o rà yẹn ló máa bá wa lù ú?"

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré so àgbò mọ́lẹ̀, ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó na ọwọ́ sí òòlù.

"Tú ara ná," ni bàbá mi wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nítorí pé apá ń ro ó lóòótọ́, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí èjìká níta gbangba, fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Kò tíì gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ wá wòran!" Ìyá Aláṣọ ti pàtẹ́wọ́. "Àwọn kan ń lu aṣọ, tiwa ń jó láìsí onílù! Ọkọ ìyàwó, ṣé kí a ná ẹ lówó ni, àbí kí a bá ẹ wá ẹni tí yóò máa tì ẹ́ lẹ́yìn?"

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà náà ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ó jó. Bóyá egungun ti ń dun arúgbó." Ọkùnrin tí kò tíì ní ewú lórí!

Ẹ̀rín bú. Bàbá Kékeré náà bá wọn rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ojú kì í bá ẹnu rín. Ó gbé òòlù. Bàbá mi wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kò sì wí nǹkan kan. Àkọ́bí ni Ìyá Aláṣọ, àbúrò kì í dá irú rẹ̀ lẹ́kun lójú àlejò. Òun náà gbé tirẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbì-gbì, gbì-gbì. Àwọn obìnrin náà wá ń pàtẹ́wọ́ sí i, àtẹ́wọ́ ń sáré, òòlù ń sáré tẹ̀lé e. Mò ń yí aṣọ, ojú mi wà lára Bàbá Kékeré. Ó ń gbé èjìká ọ̀tún lọ sí etí. Mo mọ ohun tó jẹ́. Abẹ́rẹ́ ti ń gún un. Bàbá mi náà rí i, ó dín eré òòlù tirẹ̀ kù kí ti àbúrò rẹ̀ lè bá a rọra.

"Háà, kí ló dé?" ni Ìyá Aláṣọ wí. "Àbí òòlù ti fẹ́ kú ni? Ṣé kí n lọ ra aṣọ òkú?"

Bàbá Kékeré gbé òòlù ga ju bí mo ti rí i gbé e rí lọ, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Mo gbọ́ ohun kan tó dún fààà, bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Òòlù bọ́.

Ìyá Aláṣọ fò dìde. "Mo gbé! Aṣọ mi!" Ó já aṣọ gbà lọ́wọ́ mi, ó tú u palẹ̀, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ó mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi," ló wí, "kò ya."

Ìgbà yẹn ni a wá bojú wo Bàbá Kékeré. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di èjìká mú, òógùn bò ó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti sọ ìtàn yìí fún ara mi títí, ibi aṣọ yẹn ni inú ti máa ń bí mi. Aṣọ ló kọ́kọ́ wò!

A gbé e lọ sí ọsibítù, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Wọ́n ní eegun kò ṣẹ́, iṣan tó di èjìká mú ló já. Ìrora lọ nígbà tó yá, agbára kò padà. Apá náà kò ga ju àyà lọ mọ́ títí ó fi kú. Lọ́jọ́ Iléyá, àgbò tó fi apá yẹn dì mú wálé, ẹlòmíràn ló bá a pa á. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a gbé apá sókè kó tó lè wọ bùbá. Ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí ojú má baà tì í! Ó wá di ẹni tí wọ́n ń wọ aṣọ fún bí ọmọ ọwọ́, lójú gbogbo ayé.

Iṣẹ́ kò lè dúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan kì í dá aṣọ lù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí èmi àti bàbá mi tú ara tán, ó gbé òòlù Bàbá Kékeré, ó nà án sí mi. Mo gbà á. A ń lu aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Aláṣọ wọlé.

"Kínlá! Obìnrin ń lu aṣọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ti gbọ̀n apá bí adìyẹ, àbí?"

Òòlù bàbá mi dákẹ́. Láàárín aṣọ! Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí láti ilẹ̀, "ẹ ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan nílé yìí, ó gba apá kan lọ́wọ́ wa. Mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́. Mi ò ní dákẹ́ mọ́. Ẹ dákun, ẹ mú aṣọ yín, tàbí kí ẹ mú ẹ̀rín yín, kí ẹ máa gbé e lọ. Ẹ kò lè gbé méjèèjì wọ ibí mọ́."

Kò dìde títí obìnrin náà fi jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó fi aṣọ ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò wá.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí, wọ́n sì ti pín ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kò kọ́ iṣẹ́ òòlù rí, ló jogún ilé. Ìtì igi wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń jókòó lé e. Ọmọ Bàbá Kékeré ló kó òòlù méjèèjì, ọ̀kan ló fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, mi ò mọ ibi tí èkejì wọlẹ̀ sí. Ìsọ̀ Ìyá Aláṣọ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ló ń tà níbẹ̀, aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò lù. Ayé ti yí. Etí kò lè mú ẹnikẹ́ni dé ilé wa mọ́.

Ẹ̀yin náà nìyí. Ẹ ń tẹ orí wo fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, ọrùn yín ti gbó ju tèmi lọ. Bàbá yín ń jókòó sí ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé, bó bá di Sátidé, yóò fò sínú pápá bọ́ọ̀lù bí ẹkùn, yóò sì padà wálé bí ẹni tí ọkọ̀ tẹ̀. Mo ní kó tú ara ná. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn ń wò wá." Ṣíọ̀! Àwọn èèyàn wo? Ṣé àwọn èèyàn ni yóò máa bá a wọ bùbá?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ogún bàbá mi, títú ara wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò du ú. Èmi ni mo gbé e. Ẹ wo apá mi. Ẹ wò ó! Mò ń nà án dé òkè àjà, mò ń fi í dé ẹ̀yìn ara mi, èmi fúnra mi ni mo ń de gèlè mi. Òun ni mò ń ṣe láàárọ̀ yìí tí ẹ ń ká mi sínú fóònù. Mo gbọ́ ẹ̀rín yín, mo sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó pín in fún yín, ẹ sáà jogún rẹ̀: ẹ̀rín Ìyá Aláṣọ ni.

Mi ò fẹ́ ẹ nílé mi. Ẹ gbé fóònù kalẹ̀. Ẹ dìde, ẹ fi ẹsẹ̀ lélẹ̀, ẹ bi apá yín léèrè bóyá ó ti jí.