Ọjọ́ Tí A Kò Tẹ̀ka fún Òpó Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ní abúlé wa lẹ́yìn Ìwó. Òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba náwó sí ti dúró tipẹ́, àmọ́ ewúrẹ́ là ń so mọ́ ọn. Lọ́dún yẹn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Bàṣírátù, ọmọ-ọmọ mi, pé kó wá gba ààyè rẹ̀. Ìgbà tó dé Ìwó, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, ló tó rí i. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn.

Ni agbaṣẹ́ṣe tó ri òpó bá dé, òun àti ọ̀gá kan tí ìjọba ní kó máa bojú tó owó náà. Wọ́n ní kí àwa obìnrin elégàárí tẹ̀ka sí ìwé pé iṣẹ́ ti parí. Àwọn ọkùnrin ti tẹ̀ ẹ́ ní tiwọn. Bí àwa náà bá tẹ̀ ẹ́, ó tán, kò sẹ́ni tí yóò padà wá mọ́.

Èmi ni ìyá ẹgbẹ́. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń ra ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tiwa la máa ń rù lọ. Bí kò bá lọ̀ ọ́ lójú wa, a kì í gbà á. Mo kí ọ̀gá náà dáadáa, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ dúró sídìí òpó yìí, kí ẹ fi fóònù yín pe ìyàwó yín, kí a jọ rí ojú wọn níbẹ̀.”

Ó pè, ó pè, kò wọlé. Agbaṣẹ́ṣe ní ojú ọjọ́ ni kò dáa.

“Láfún tí mo sá láàárọ̀ ti gbẹ o,” ni Ìyá Dọ̀kásì, ọ̀kan nínú wa, wí.

Inú bí agbaṣẹ́ṣe náà. Ó ní bí a kò bá tẹ̀ka, wọn yóò tú òpó náà lọ sí Olúpọ̀nnà. Ẹ̀rù ba àwọn kan nínú wa, wọ́n ní ká kúkú tẹ̀ ẹ́.

Mo ní, “Ẹni tó bá ti ní òun yó, ta ni yóò tún bu oúnjẹ fún un?”

Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá náà kọ ọ́ sínú ìwé lójú wa pé iṣẹ́ kò tíì parí, owó tó kù kò ní jáde.

Kí Iléyá tó dé, wọ́n ti gbé bátìrì àti ohun tó ń fa iná oòrùn wá. Ojú ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn hàn kedere lórí fóònù.

“Màámi, ẹ ti rù o.”

Mo ní òun ló sanra. Gbogbo ìdí òpó hó fún ẹ̀rín.

A ṣẹ́gun, a kò sì sọ òkò kan. Bàṣírátù wọlé lọ́dún kejì, àmọ́ ọdún kan rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọkùnrin wa kò sì tíì sọ ohun tó mú wọn tẹ̀ka. Òpó mìíràn tún wà ní abúlé òdìkejì odò, aṣọ ni wọ́n ń sá sórí rẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ránṣẹ́ sí wa. Orúnkún mi kò gba ọ̀kadà mọ́. Ẹ̀yin tẹ́sẹ̀ yín ṣì le, ẹ lọ bá wọn dúró.