Omi Tí Kò Tíì Tòrò

Mo ra álọ́ọ̀mù lọ́jà Ìkọ̀tún lánàá, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀rọ wà nílé mi. Mo kàn rí òkúta funfun náà lórí àtẹ ni. Mo fi ahọ́n kàn án, ó kan, ẹnu mi fún pọ̀, mo bá tún di ọmọ ọdún méje ní Ìgándò.

Òjò ti sọ omi kànga wa di pupa bíi tíì. Bàbá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè Ọya, fẹ́ wẹ̀ kó lè lọ wọ bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Ó mú álọ́ọ̀mù, ó ń fi í yí omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì po.

"Má fọwọ́ kàn án o. Kí ayé tó mọ ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń fi òkúta yìí fọ omi. Ìdọ̀tí á dì mọ́ra wọn, wọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀."

Mo ń wo omi náà bó ṣe ń mọ́. Tó bá mọ́ tán, bàbá mi á wẹ̀, á sì lọ nìyẹn. Bó ṣe wọlé báyìí, mo ti ọwọ́ bọ inú omi dé ìgúnpá, mo rú u pátápátá.

Ó jáde, ó wo omi, ó wo apá mi tó ń kán tótó.

"Dádì, kò mà tíì tòrò o."

"Lóòótọ́, kò tíì tòrò," ló wí, ó sì jókòó tì mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìgbà tí a sin bàbá mi tán ni màmá mi tó sọ fún mi pé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń rú omi yẹn, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo bu omi ẹ̀rọ, mo sọ álọ́ọ̀mù sí i, mo sì jókòó tì í.