Igi Kékeré Tí Bàbá Fínísìn Kàn

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fínísìn. Káfíńtà ni wọ́n, kò sì sí iṣẹ́ tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn láìjẹ́ pé wọ́n fi ọ̀ṣọ́ díẹ̀ sí i, ohun tí àwọn ń pè ní fínísìn. Àní pósí gan-an, wọ́n á gbẹ́ òdòdó sí i lára, bí ẹni pé òkú máa jáde wá wò ó. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìdí wọn ṣẹ́, ni mo bá kó wá sílé wọn láti máa tọ́jú wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, fèrèsé nìkan ni wọ́n rí wò. Ọkọ wọn wá kan àpótí kékeré kan, wọ́n lu ihò sí iwájú rẹ̀, wọ́n gbé e sórí òpó nínú ọgbà, kí ẹyẹ lè wá yé sí i níbi tí ìyàwó wọn á ti máa rí i. Nǹkan ire ni, mi ò jiyàn. Ẹyẹ méjì dé lóòótọ́, wọ́n yé, wọ́n sì pamọ. Oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kọ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Àmọ́ Bàbá Fínísìn ti kan igi kan tó gùn bí ìka ọwọ́ sábẹ́ ihò yẹn. Wọ́n ní kí ẹyẹ máa dúró níbẹ̀ gbatẹ́gùn ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wọn pé àwọn ẹyẹ náà kì í tiẹ̀ bà lé e, pé ológbò télọ̀ tó múlé tì wá ló máa rí i lò. Wọ́n kọ etí ikún sí i. Wọ́n ní ilé wo ni kì í ní àtẹ̀gùn?

Dípò kí wọ́n yọ igi náà, télọ̀ ni wọ́n lọ bá jà. Mo tẹ̀ lé wọn, èmi náà ò sì fẹnu ṣeré. A ní kó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ológbò rẹ̀. Obìnrin náà ò gbójú kúrò lórí maṣíìnì rẹ̀. Ó ní ológbò kì í ṣe ewúrẹ́ tí èèyàn ń so mọ́lẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n já aṣọ tó ń rán gbà. Nígbà tí a délé, Bàbá Fínísìn fi páànù yí òpó náà ká, kó lè máa yọ̀ mọ́ ológbò lẹ́sẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan igi yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi figbe ta. Ológbò ti fò láti orí ògiri ọgbà, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ igi náà, ó ki ọwọ́ bọnú ihò, ó ń fa àwọn ọmọ ẹyẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a tó sáré débẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Bàbá Fínísìn gbé pákó, wọ́n ń búra pé àwọn máa lu ológbò náà pa, àwọn á sì bá télọ̀ fà á. Ẹ̀gbọ́n mi pè wọ́n láti orí bẹ́ẹ̀dì lójú fèrèsé.

“Ẹ sọ pákó yẹn sílẹ̀. Ológbò ṣe iṣẹ́ ológbò. Ẹ̀yin lẹ kan àga fún un.”

Ọkùnrin náà dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé igi tó dáa ni, pé àwọn fi sáńpépà ha á dáadáa.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n rẹ́ igi yẹn kúrò. Wọ́n wọlé wá sọ pé ẹyẹ mìíràn ń bọ̀. Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí, wọ́n ní kí n yí bẹ́ẹ̀dì òun kúrò lójú fèrèsé sápá ògiri. Ó wúwo jù fún èmi nìkan, Bàbá Fínísìn ló bá mi gbé e.